Kí Iṣẹ́ Má Dí Ẹ̀kọ́ Lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Àgbà Ní Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi síwájú yín: bí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣe lè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé ebi pa ilé wọn.

Gbogbo wa mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ti ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí ó ń gbé aláìsàn dìde, tí ó ń bọ́ arúgbó láti ọdún pípẹ́, ti mọ ohun púpọ̀ tí ìwé nìkan kò lè kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Lẹ́yìn èyí, yóò fi owó oṣù sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀? Ibẹ̀ ni ìrètí ọ̀pọ̀ ń pin sí.

Nígbà àtijọ́, ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń gba owó díẹ̀. Olóyè Kofoworola Abeni Pratt ti ṣe olùkọ́ kí ó tó wọ St Thomas' Hospital ní London ní ọdún 1946 láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun náà ni ó di métírọ́ọ̀nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní University College Hospital, Ìbàdàn, ní ọdún 1964. Bí a bá ti lé e padà pé ó ti dàgbà jù, àdánù gbogbo wa ni ìbá jẹ́.

Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ náà ní àléébù. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀kọ́ ni a ń pa tì; akẹ́kọ̀ọ́ a sì di òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí a gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì, ẹ̀kọ́ jinlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó oṣù kò tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé ìwé nìkan kò tó. Agbanisíṣẹ́ nìkan kò tó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti tún so méjèèjì pọ̀. Láti ọdún 2002 ni Open University ti ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ọ̀gá iṣẹ́ wọn rán wá. Láti ọdún 2017, ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè di ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì: ilé iṣẹ́ ń san owó oṣù rẹ̀, yunifásítì ń kọ́ ọ. Wọn kò dín ẹ̀kọ́ náà kù. Wákàtí 4,600 ni òfin ibẹ̀ béèrè, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ìdánrawò iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bí ètò yìí bá wà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé ìgbélùú yín gbà á.

Nílé ńkọ́? Òṣogbo àti Iléṣà kò jìnnà sí wa. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ wà ní Àsùbíàrò ní Òṣogbo. Wesley Guild Hospital wà ní Iléṣà. A dábàá pé kí Ẹgbẹ́ wa lọ bá irú ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ jókòó. Kí ilé ìwòsàn fún òṣìṣẹ́ ní àyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa san apá kan owó oṣù rẹ̀. Kí Ẹgbẹ́ san owó ilé ìwé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ padà wá sìn fún iye ọdún tí a bá fi ẹnu kò sí. Ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò pé, kí a kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ láti tún ìdánwò náà ṣe.

A gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, bí a ti ń ṣe nígbà tí ọmọ bá wọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ jẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é sí wọ́ọ̀dù. Kí iye ọdún ìsìn má pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣàìsàn, tàbí tí ilé ìwòsàn kò bá mú àdéhùn ṣẹ, kí gbèsè má wà lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àdéhùn tí ó so ẹnìkan ṣoṣo mọ́lẹ̀ kì í ṣe àjọṣe.

Àwọn kan yóò wí pé kí owó Ẹgbẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé nìkan. A kò ní kí a gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ilé àti ọmọ nítòsí kì í sábà yára ṣí lọ, iṣẹ́ náà kò sì ní yà á lẹ́nu. Àjọṣe wa ni a fi dá Ìgbájọ Polytechnic sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀mí kan náà rán òṣìṣẹ́ méjì péré lọ́dún tí ń bọ̀, kí a sì jíhìn fún ara wa ní irú àpéjọ yìí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa tòrò.