Atukọ̀ Àwọn Kọ̀ǹpútà



Àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kí a ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Kubernetes, tí wọ́n fẹ́ kí a fi nínú owó òní kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Google ní Amẹ́ríkà ló gbé e síta ní ọdún 2014. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wo ìdí iná níbi ìnáwó ńlá. Ìyá kan kọ́ ló ń dá gbogbo rẹ̀ sè. Ẹnìkan wà nídìí ìrẹsì, ẹlòmíràn nídìí ọbẹ̀, ẹlòmíràn ń din ẹran. Bí ó bá rẹ ẹni tó ń din ẹran, ìyá àgbà tó ń ṣe alákòóso á ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí àlejò tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá orí kọ̀ǹpútà rí lónìí. Ètò ìtajà kan ṣoṣo lè pín sí ibi ìwòjà, ibi ìsanwó àti ibi ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n sì wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Oníṣẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Mẹ́ta ni mo fẹ́ nínú èyí." Atukọ̀ yìí á máa kà wọ́n tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀kan bá kú, á gbé òmíràn dìde; bí kọ̀ǹpútà kan bá bàjẹ́, á kó iṣẹ́ orí rẹ̀ fún èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, pípààrọ̀ alásè kò lè yọ ọ́. Ètò tí a kò kọ dáadáa, àìdára rẹ̀ náà ni yóò máa gbé dìde. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá sì wà nílé kan ṣoṣo tí iná lọ, gbogbo wọn ló kú. Ìwé ẹgbẹ́ wa kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan tó, pẹ̀lú ẹ̀dà tí a tọ́jú síbòmíràn, èyí tí a kò ní lọ́dún tí àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù wa ṣòfò, tí a ń bá ara wa jà lórí ẹni tó san àti ẹni tí kò san.

Àwọn ọmọ tí a bí sókè Ọya níhìn-ín ló nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè jókòó síhìn-ín ṣe fún àwọn ará Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni. Ètò kan tó ń jẹ́ Minikube wà, tí a lè fi kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà ẹyọ kan, nítorí náà a kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ olówó gọbọi. Kọ̀ǹpútà márùn-ún, iná oòrùn tí yóò gbé wọn, àti owó olùkọ́ fún oṣù mẹ́fà ni. Tábìlì akápò wà lápá ọ̀tún yín.