Ibà Ọmọ Ìkókó àti Àrùn Kòrónà
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, tí ó sì dé Kánò ní oṣù kẹrin, àwọn arúgbó ni a ń bẹ̀rù fún. Ta ni ó ránti ìkókó? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìkókó tí ó bá kó o kì í ṣe àìsàn púpọ̀: ara a gbóná, imú a dí, ara ọmọ a sì yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì rẹ̀ ti parí, ṣùgbọ́n àrùn náà ṣì wà láyé.

Ibi tí ó ti le nìyí. Ara gbígbóná lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí ìkókó yóò fi hàn, ìbáà ṣe kòrónà, ìbáà ṣe kòkòrò mìíràn tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ tàbí awọ tí ó bo ọpọlọ. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nítorí náà ni dókítà fi lè gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ọmọ wò, bí ó tilẹ̀ ti rí kòrónà lára rẹ̀. Ẹ má bá a jà.

Ooru Òkè Ọya yìí a máa tàn wá jẹ. "Ooru ni," ni a ń wí. Ẹ tú aṣọ tí ẹ fi wé ọmọ, kí ẹ sì tún wọn ara rẹ̀. Bí tẹmómítà bá dé 38, tí ọmọ kò tí ì pé oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn yá, ìbáà ṣe òru. Bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí bí gìrì bá mú un, ẹ má tilẹ̀ wá tẹmómítà kiri. Àgbo gìrì onítọ̀ màlúù, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dárí jì mí, ó ti pa ọmọ rí.

Ìyá tí kòrónà mú kò ní já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu.

Èyí tí ó kan ẹgbẹ́ gan-an ni ìkómọjáde. Gbogbo wa ni a ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí ó wọkọ̀ láti ilé dé lánàá, tí ó ń wúkọ́, náà ń gbé e. Mo dá a lábàá pé kí ìyá ọmọ àti ìyá àgbà nìkan máa gbé e. Kí àwa yòókù fi owó wa sínú àwo, kí a sì wúre láti òkèèrè.

Tẹmómítà ẹgbẹ́ wà ní ìsọ̀ mi. Bí ilẹ̀ ti wù kí ó ṣú tó, ẹ kan ìlẹ̀kùn. Owó ẹgbẹ́ ni a fi rà á, ẹni tí ó bá yá a kí ó dá a padà.