Máàkì Tí Ó Tọ́ Sí Ìtàn Ọmọdé

(Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kan bá àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ ní ìpàdé wọn)

Ọ̀rọ̀ tí a pè mí láti wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ọmọdé bá kọ ìtàn tí òun tìkára rẹ̀ rò, ọ̀nà wo ni olùkọ́ yóò gbà mọ iye máàkì tí ó tọ́ sí i? Ní ti ìṣirò, eéjì àti eéjì di ẹẹ́rin níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìtàn kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ka àṣìṣe, tí a sì ń fi iye wọn yọ máàkì.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kíláàsì kẹrin, ọmọbìnrin kan kọ ìtàn òru ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé wọn. Ó ní ìyá àgbà òun kò sunkún nítorí páànù. Adìẹ tí ó sàba lé ẹyin lábẹ́ àga ni ó ń wá kiri nínú òjò. Mo rí àṣìṣe 17, mo fi tàdáwà pupa fa ìlà sí gbogbo wọn, mo sì fún un ní 4 nínú 20. Ọmọ tí ó jókòó tì í da àpẹẹrẹ tí mo kọ sójú pátákó kọ láìṣì, mo fún un ní 16. Láti ọjọ́ náà títí ọdún fi parí, ìlà mẹ́ta péré ni ọmọbìnrin náà ń kọ. Ìwé rẹ̀ mọ́, kò sí àṣìṣe níbẹ̀, kò sì sí ìtàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

À ń sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gé e láti ìdí kò pẹ̀ka, igi ni ó pa. Nígbà tí ọmọdé bá ń pa àlọ́ ní òṣùpá, a kì í dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. A ó gbọ́ ọ dé òpin ná. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn ọmọ náà tán láìmú kálàmù lọ́wọ́. Kí ẹ wá bi ara yín pé: Ta ni ìtàn yìí dá lé, kí ni ó sì ń wá tàbí tí ó ń bẹ̀rù? Ǹjẹ́ ohun kan ni ó fa èkejì, àbí "lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà" nìkan ni ó so wọ́n pọ̀? Ǹjẹ́ ohun kan wà níbẹ̀, bí adìẹ abẹ́ àga yẹn, tí ẹni tí ó fi ojú inú wò ó nìkan lè kọ?

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a pín 20 báyìí: 8 fún ìrònú àti ohun tí ọmọ náà ṣàkíyèsí, 5 fún ètò ìtàn, 4 fún adùn èdè, 3 fún àkọtọ́, àmì ohùn àti ìmọ́tótó ìwé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mọ ìpín yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

Ẹnìkan lè wí pé mo fojú tín-ín-rín àkọtọ́. Rárá o. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ pé ọkọ́ ìyá òun sọnù lọ́nà oko, tí kò sì fi àmì sí i, ọkọ ìyá rẹ̀ ni yóò sọnù, ọ̀ràn náà yóò sì di ti ọlọ́pàá! Ṣùgbọ́n àkókò àpèkọ ni ibi tí a ti ń tún èyí ṣe dáadáa. Nínú ìtàn, ẹ mú àṣìṣe méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń padà wá, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ìwọ̀nyí.

Ní ti ẹ̀ka èdè, ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè kọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ sọ́nà sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ìyá àgbà inú ìtàn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ẹ̀wà ni, kì í ṣe àṣìṣe.

Bí ọmọ bá sì mú Ìjàpá láti inú àlọ́, ẹ má ṣe pè é ní olè. Olùkọ́ bí tiyín ni D. O. Fágúnwà, ẹni tí ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. A ti ń sọ ìtàn ọdẹ àti iwin kí a tó bí i, síbẹ̀ ohun tí ó fi wọ́n ṣe jẹ́ tuntun. Ohun tí ọmọ náà fi kún un ni kí ẹ wò.

Nítorí pé ojú kan kò tó, kí olùkọ́ méjì ka ìwé mẹ́wàá kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìrí máàkì ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti fi ju 3 lọ yàtọ̀, kí wọ́n jókòó, kí olúkúlùkù sọ ìdí tirẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. A sì rí i pé wọn kò rẹ̀yìn. Àwọn àgbà ti ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè ìyá rẹ̀ ronú jinlẹ̀. Kí tàdáwà pupa wa má ṣe ti ilẹ̀kùn náà padà.

Lákòótán, ẹ má ṣe fi máàkì nìkan dá ìwé padà fún ọmọ. Ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ó dùn mọ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ̀kan nípa ohun tí yóò tún ṣe. Ìbá ṣe pé mo kọ "Ǹjẹ́ ìyá àgbà rí adìẹ náà?" sí ìwé ọmọ yẹn, bóyá ǹ bá mọ òpin ìtàn rẹ̀ títí di òní.