Ẹ̀GẸ́ LÈ DI EPO ỌKỌ̀, ṢÙGBỌ́N Ẹ KỌ́KỌ́ ṢÍRÒ

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó bẹntiróòlù sì fò sókè, ọ̀pọ̀ ló ń béèrè pé: ṣé a kò lè fi ẹ̀gẹ́ wa ṣe epo ọkọ̀?

Ó ṣeé ṣe. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é pẹ̀lú èròjà tí yóò sọ ọ́ di ṣúgà. Wọn a wá fi ìwúkàrà sí i kó lè di ọtí, wọn a sì gbé e kaná bí a ti ń ṣe ògógóró. Ọtí líle yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ìrèké ni wọ́n ń lò ní Brazil láti ọdún 1975, ọkọ̀ wọn sì ń fi ọtí náà rìn títí dòní. Níbí, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ ní ọdún 2007 pé kí á máa po ọtí ìdá kan mọ́ bẹntiróòlù ìdá mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n a kò tíì rí i ní ilé epo wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tọ́ọ̀nù kan ẹ̀gẹ́ tútù tó gbó dáadáa ń mú nǹkan bí lítà 150 ọtí wá. Agbára lítà ọtí kan sì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára lítà bẹntiróòlù kan. Nítorí náà, nǹkan bí kílò 10 ẹ̀gẹ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ lítà epo kan. Ẹ pín owó lítà epo kan sí ọ̀nà mẹ́wàá. Oníbàárà kò lè san tó ìdá kan yẹn lórí kílò ẹ̀gẹ́ kan, nítorí owó ìdáná, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀. Bí gàrí tàbí láfún bá ń mú jù bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ ṣe gàrí yín. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá kún ọjà tí kò sí ẹni tó ń rà á, ilé iṣẹ́ ọtí lè gbà wá. Bí oníbàárà bá dé, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ gba iye owó àti iye tọ́ọ̀nù sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbin igi ẹ̀gẹ́ kan.

Èkejì, ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó máa bàjẹ́. Ọ̀nà sì jìn láti Ìgbẹ́tì dé Ìgbẹsà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ irú rẹ̀ sí. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, kí ẹ lè fi oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ wa gbẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má pa àgbàdo, ọkà bàbà àti iṣu tì.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má ṣe da ògógóró sínú táǹkì. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọtí tí a ń fi wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ní omi nínú bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.