Ẹwìrì àti Aláàárù: Agbára Àfikún Inú Ẹ́ńjìnnì àti Gíà Tí Yóò Gbé E

1. Ìfáárà



Nígbà tí a pinnu pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ní wáyé nínú ọgbà yunifásítì bí kò ṣe ní Ìbàfò, mo wò ó pé kò yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ tí kò kan ará Ìbàfò wá síbí. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ìgbésí ayé ìlú yìí àti ti Mówé ti so mọ́ ọkọ̀. Èrò tó ń sùn níbí tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kò lóǹkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tó ń dákú lójú ọ̀nà, tí a ń wọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì tó wà nítòsí.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gíà. Ìdáhùn mi ni pé Ògún tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì wa ni òrìṣà tí awakọ̀ àti mẹ́káníìkì ń bọ. Bí a bá mọ oríkì Ògún tí a kò mọ iṣẹ́ irin, ìdajì ẹ̀kọ́ ni a kọ́.

Ìbéèrè tí mo gbé wá kò ṣòro láti sọ. Bí a bá fi ohun èlò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kún agbára ọkọ̀ kan, tí gíà ọkọ̀ náà sì jẹ́ èyí tó ń yí ara rẹ̀ padà, tí a ń pè ní ọ́tò, kí ni a óò ṣe sí gíà náà kí ó lè gba agbára tuntun yìí? Èrò mi ni pé agbára tí a kò pèsè aláàárù fún, òfò ni yóò dà.

2. Ẹwìrì

Epo nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jó. Epo àti atẹ́gùn ni. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jó tán níbẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, bí epo tó ń jó bá sì ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Kò sí alágbẹ̀dẹ Yorùbá kan tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Ó mọ̀ pé èédú kan náà tó ń jó jẹ́jẹ́ lè mú irin pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ ẹwìrì dáadáa.

Ohun èlò tí mo ń sọ yìí, ẹwìrì ni. Bẹ́líìtì tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá ló ń yí i, òun náà a sì máa rọ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Orúkọ ẹwìrì tí mo fún un kì í ṣe àfiwé lásán. Irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Roots ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1860, fífẹ́ atẹ́gùn sí iná ìléru tí a fi ń yọ́ irin sì wà lára iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ lò ó fún. Ilé iṣẹ́ Mercedes gbé ọkọ̀ tó ní irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Berlin ní 1921. Láti ìdí iná alágbẹ̀dẹ ni ẹwìrì ti wọ inú ọkọ̀.

Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà yìí kọjá tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ Kompressor lẹ́yìn ọkọ̀ Mercedes tòkunbọ̀ rí. Ẹwìrì yìí ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ kí a wo C230 ti àárín àwọn ọdún 1990. Ẹ́ńjìnnì oní-lítà 2.3 tí kò ní ẹwìrì ní agbára ẹṣin 150, ipá ìyí rẹ̀ sì jẹ́ Newton-mítà 220. Nígbà tí wọ́n fi ẹwìrì sí i, agbára rẹ̀ di 193, ipá ìyí sì di 280. Ipá ìyí ni ipá tí a fi ń yí nǹkan, bí ìgbà tí a bá fi sípánà tú nọ́ọ̀tì. Ẹ fojú inú wo sípánà kan tó gùn ní mítà kan, tí a so ẹrù kílò 22 rọ̀ mọ́ ìparí rẹ̀. Èyí ni 220 yẹn. Nígbà tí ẹwìrì dé, ẹrù náà di nǹkan bíi kílò 28.

3. Aláàárù

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú sọ́dọ̀ ẹni tí yóò ru ẹrù náà. Ní ilé ìkẹ́rù, ọkùnrin alágbára kan lè máa gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé aláàárù lórí. Bó ti wù kí ẹni tó ń gbé ẹrù leni lágbára tó, ọrùn aláàárù ni yóò pinnu iye àpò tí yóò dé inú ọkọ̀. Gíà ni aláàárù ẹ́ńjìnnì, ibi mẹ́ta ni ẹrù sì ti ń wọ̀ ọ́ lára.

Ibi kìíní ni kọ̀nfátà, tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ó dà bí fáànù méjì tó dojú kọ ara wọn nínú ìkòkò tó kún fún ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan. Èyí ń ju ọ́ìlì lu èkejì, èkejì náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, kọ̀nfátà lè sọ ipá ìyí di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹrù tó ń dé orí aláàárù nígbà ìgbéra máa ń ju èyí tí ẹ́ńjìnnì gbé jáde lọ.

Ibi kejì ni àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín. Ọ̀kan wà láàárín bí oòrùn, àwọn kéékèèké ń yí i ká, òrùka eléyín ńlá sì pa gbogbo wọn mọ́ sínú. Bí a bá dá ọ̀kan nínú wọn dúró, tí a sì jẹ́ kí ìyókù máa yí, eré ọkọ̀ yóò yí padà láìsí pé awakọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ibi kẹta ni àwo kílọ́ọ̀ṣì, níbẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwo wọ̀nyí ló ń dá kẹ̀kẹ́ eléyín dúró tàbí tó ń so wọ́n pọ̀. Àwo irin àti àwo tí a fi ohun tó ń di nǹkan mú bò ni wọ́n tò lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ìdàkejì, ọ́ìlì ló sì ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ohun mẹ́rin ló ń sọ iye ẹrù tí wọ́n lè gbé: bí ọ́ìlì ṣe ń tẹ̀ wọ́n tó, bí ara wọn ṣe ń dimú tó, bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó, àti iye wọn. Bí ipá ìyí bá ju àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, àwọn àwo yóò máa yọ̀ lára ara wọn. Yíyọ̀ yìí ń mú ooru wá, ooru ń ba ọ́ìlì jẹ́ títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa rùn bí ohun tó jóná. Ọ́ìlì tó bàjẹ́ náà a tún mú kí àwo máa yọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní lọ.

Ẹ fojú inú wò ó pé ní ìgbà tí awakọ̀ fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀ ni èyí ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí eré àwọn olówó.

4. Bí a ti í fún aláàárù lókun

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kì í fi ojú lásán wọn ẹrù. Gíà oníyàrá márùn-ún tí Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1996 ní oríṣi méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, W5A330 àti W5A580. Nọ́mbà tó gbẹ̀yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan ni iye Newton-mítà tí a ṣe é láti gbà. Ẹni tó bá lóye orúkọ yìí kò ní gbé gíà 330 sídìí ẹ́ńjìnnì tó ń gbé 500 jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó pààrọ̀ púlì ẹwìrì sí èyí tó kéré, kí ẹwìrì lè máa sáré sí i, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè iye tó kù lára gíà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni okun. A lè fi kún iye àwo kílọ́ọ̀ṣì bí àyè bá wà, tàbí kí a lo èyí tí ara rẹ̀ ń dimú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A lè mú kí ọ́ìlì tẹ̀ wọ́n gidi sí i. Ṣùgbọ́n bí ìtẹ̀ náà bá ti pọ̀ jù, gíà yóò máa gbá ọkọ̀ bí ẹni tí a tì lẹ́yìn, ọ̀pá inú rẹ̀ sì lè ṣẹ́. Kọ̀nfátà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lágbára. Kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù ti yí padà, kí ó lè pàṣẹ ìtẹ̀ tó bá ẹrù náà mu.

Ìtutù ló tẹ̀ lé e, òun ni mo sì fẹ́ kí ará Ìbàfò fi sọ́kàn jù. Ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ kò sáré tí atẹ́gùn yóò fi fẹ́ sí rédíétọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ kọ̀nfátà ń ro ọ́ìlì láìsinmi. Láti 2013 tí iṣẹ́ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ lórí òpópónà yìí, àwọn awakọ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ wákàtí mẹ́ta lójú kan. Rédíétọ̀ kékeré kan tó dá dúró fún ọ́ìlì gíà nìkan lè gba gíà náà là ju ọ̀pọ̀ ohun olówó gọbọi lọ.

Ohun tó kẹ́yìn ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Nígbà tí Mercedes gbé gíà oníyàrá méje jáde ní 2003, E55 AMG tó ní ẹwìrì, tí ipá ìyí rẹ̀ jẹ́ 700, kò kúrò lórí gíà oníyàrá márùn-ún tí wọ́n ti fún lókun. Wọn kò tìtorí pé méje ju márùn-ún lọ pa aláàárù tó ti mọ ẹrù tì. Ní ti S65 AMG, tí èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ń yí ẹwìrì méjì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè gbé 1,200 jáde, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá a dúró sí 1,000 kí gíà má bàa fọ́. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Àwọn ẹlẹ́rọ Jámánì kò gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mú un lò.

5. Ọ̀ràn èdè

Mo wá dé ibi tó kan iṣẹ́ tèmi gan-an. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀, èdè Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ẹ rí i pé èdè náà gbé e. Kì í ṣe ìmọ̀ ló ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn mẹ́káníìkì wa. Ọ̀gá tó bá fi imú gbóòórùn ọ́ìlì tó sì sọ pé àwo kílọ́ọ̀ṣì ti jó, onímọ̀ ni. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àkọsílẹ̀. Ìwé tó ṣàlàyé pé ó ní bí ọ́ìlì gíà yẹn ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí a tó wọn ọ́n, èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá nìkan yóò máa fi ojú wò títí, gíà oníbàárà ni yóò sì fi kọ́gbọ́n.

A kò ní ṣàì ní àpẹẹrẹ. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú wọn ní 1984 àti 1990 sì ti fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìdí iṣẹ́ irin ló kù. Nígbà tí a bá sì dé ibẹ̀, kí á má jókòó sínú ọ́fíìsì máa hun ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lò. Ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, nítorí ó ti di ọmọ ilé. Níbi tí Yorùbá bá ti ní tirẹ̀, bí ẹwìrì, àwo àti yíyọ̀, kí a gbé e síwájú.

Nínú eré-oníṣe The Road tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1965, ìsọ̀ kan wà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Òǹkọ̀wé kan náà ló dá ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, òun sì ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ti ìjọba àpapọ̀ ní 1988. Ó yé e pé ẹni tó ń kọ̀wé nípa ikú ojú ọ̀nà ní ojúṣe lójú ọ̀nà náà.

6. Ìgúnlẹ̀

Mo fẹ́ dá ohun kan lábàá kí n tó jókòó. Kí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ wa àti àwọn ọ̀gá mẹ́káníìkì Ìbàfò, Mówé àti Ifọ̀ jọ kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí gíà ọ́tò ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, pẹ̀lú nọ́mbà, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pe ohun kọ̀ọ̀kan ní ìdí iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ni yóò sọ ọ́, àwa ni yóò kọ ọ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá ka ìwé náà yóò mọ̀ pé kí òun tó fẹ́ná mọ́ irin, kí òun kọ́kọ́ béèrè ta ni yóò ru ú.