Ọmọ Iṣẹ́ àti Ọmọ Ilé Ìwé Nídìí Kọnkéré

(Ọ̀rọ̀ tí a bá kíláàsì àwọn àgbà sọ ní agbègbè Ring Road, Ìbàdàn)

 Mo rí i pé sìmẹ́ńtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú yín. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lálẹ́ òní.

Ìbàdàn tí à ń gbé yìí, láti Agbowó àti Bódìjà títí dé Dùgbẹ̀, láti Ring Road dé Challenge, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ní 1942 ni wọ́n dí odò ní Ẹlẹ́yẹlé kí ìlú lè rí omi mu. Ní 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ní 1960 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré Liberty, èyí tí à ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Ní 1965 ni wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105. Nígbà náà, kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Bí ẹ bá béèrè ẹni tó kọ́ ọ, wọn á ní ìjọba ni, wọn á ní owó kòkó ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ó po kọnkéré? Ọwọ́ ta ni ó tẹ irin? A kò kọ orúkọ àwọn yẹn sára ògiri.

Iṣẹ́ yìí gbòòrò: ilé kíkọ́, ọ̀nà líla, afárá, gọ́tà, odò dídí. Ẹni tó bá kọ́ ọ nínú ìwé ni à ń pè ní ẹnjiníà. Ẹni tó bá sì fi ọwọ́ kọ́ ọ, ẹ̀yin náà mọ orúkọ yín: bíríkìlà, káfíńtà, ẹni tó ń tẹ irin. Ẹnu ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọlé sínú iṣẹ́ kan náà, ohun tó sì ń dùn mí ni pé àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà kan kì í fẹ́ kí àwọn tó gba èkejì.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. Bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn á ṣe ìwé àdéhùn, wọn á dá ọdún. Kí ni ọmọ á kọ́kọ́ ṣe? Omi ni á máa pọn. Á máa ru yanrìn, á máa fọ ṣọ́bìrì, á máa lọ ra oúnjẹ ọ̀gá. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí ó tó di tírọ́ẹ̀lì mú. Àwọn kan ní ìyà lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ti ru yanrìn fún oṣù mẹ́fà mọ yanrìn ju ẹni tó kà nípa rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan bá yípo, tí oúnjẹ ọ̀gá ṣì ni iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe, ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́ mọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni ti ilé ìwé. Láti 1970 ni Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn ti wà. Ní 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, ní 1973 ni àjọ náà sì gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ọmọ ilé ìwé gíga máa lọ síbi iṣẹ́ láti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń kà. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà a máa lo oṣù 6. Àwọn ọmọ pólítẹ́kíníìkì a máa lo ọdún kan láàárín ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ àti èkejì. Wọ́n ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, ọ̀gá á sì fọwọ́ sí i.

Ẹ ti rí wọn, àbí? Bàtà wọn mọ́, akoto wọn ń dán. Wọn kò mọ bí a ṣe ń di ṣọ́bìrì mú tí ẹ̀yìn kò fi ní dunni. Ẹ̀yin a máa pè wọ́n ní “ẹnjiníà” láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà, nínú ọkàn wọn, a máa wò yín bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, tí ìwé kì í tètè kọ́ni. Bí ọkọ̀ bá já yanrìn sílẹ̀, bíríkìlà tó dáńtọ́ á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá pọ́n, tó dọ̀tí, ó mọ̀ pé amọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ fún òpó. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba, á bu omi sínú rọ́bà tó mọ́ gaara, á na án láti òpó kan sí èkejì, ibi tí omi bá dúró sí lápá kìíní náà ni yóò dúró sí lápá kejì. Bí ó bá sì fẹ́ kí igun ilé gún, á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, 4 lórí okùn kejì, bí ìwọ̀n láàárín ibi méjèèjì bá ti pé 5, igun náà gún. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe èyí mọ́ orúkọ Pythagoras, ará Gíríìsì àtijọ́. Mo ti rí bàbá kan tí kò gbọ́ orúkọ Pythagoras rí, tí kò sí igun tó wọ́ nínú gbogbo ilé tó kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, gbogbo yín lẹ mọ 1:2:4. Sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50, ó tó nǹkan bí hẹ́ẹ̀dìpáànù 2. Nítorí náà, àpò 1, yanrìn hẹ́ẹ̀dìpáànù 4, òkúta hẹ́ẹ̀dìpáànù 8. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí. Ó dára. Ẹ wá wò ó dáadáa: 1:2:4. Ibo ni omi wà nínú rẹ̀?

Kò sí níbẹ̀. Omi tí kò sí níbẹ̀ yẹn ló sì ń ba kọnkéré jẹ́ jù.

Kọnkéré kì í gbẹ bí amọ̀ ti ń gbẹ. Oòrùn ló ń fa omi inú amọ̀ jáde. Bí òjò bá tún rọ̀ sí i, á rọ̀. Sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀, mímu ló ń mu omi. Òun àti omi á para pọ̀ di ohun kan, á wá le. Ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi lè le nínú odò, nídìí afárá, níbi tí oòrùn kò dé. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀gá yín fi ń ní kí ẹ máa wọ́n omi sí dẹ́kìn lẹ́yìn tí ẹ bá dà á, fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Àwọn kan rò pé ooru ni à ń fi omi náà pa. Rárá o, kọnkéré ṣì ń mu omi ni. Ọjọ́ 28 ni ẹnjiníà ń kà kí ó tó sọ pé agbára rẹ̀ pé bí òun ti rò ó.

Ṣùgbọ́n omi tí sìmẹ́ńtì lè mu ní ìwọ̀n. Fún àpò kan, nǹkan bí lítà 25 ni. Kẹ́ẹ̀gì kan géérégé nìyẹn. Bí òjò bá ti rọ̀ sí yanrìn, omi ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ní láti dín ti kẹ́ẹ̀gì kù. Bí a bá da kẹ́ẹ̀gì kejì sí i, kọnkéré á rọ̀ bí ògì, á rọrùn láti dà, ẹ̀yìn kò ní dun ẹnikẹ́ni. Omi tí sìmẹ́ńtì kò mu á wá ọ̀nà jáde níjọ́ mìíràn, ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ni á sì fi sílẹ̀. Ẹ ó rẹ́ ògiri náà, ẹ ó kùn ún, á dán. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, l’Ékòó, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú. Wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà wà lára àwọn tó kú. N kò sọ pé omi ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ilé bá fẹ́ wó nígbà tí a ń kọ́ ọ lọ́wọ́, orí ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń wó lé, kì í ṣe orí onílé.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa níbi iṣẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Òpó márùn-ún ni wọ́n dà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ilé ìwé kan wà níbẹ̀ tó gbé irin kan dání, ó dà bí garawa tí kò nídìí, orí rẹ̀ kéré ju ìsàlẹ̀ lọ, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n á kó kọnkéré kún un, wọ́n á rọra yọ ọ́ sókè, wọ́n á wo bí òkìtì náà ti rọlẹ̀ tó. Ti ọjọ́ yẹn kò dúró rárá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ náà ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, omi ti pọ̀ jù.” Ọ̀gá bíríkìlà dá a lóhùn pé, “Ọdún mélòó lo ti lò nídìí kọnkéré?” Ọmọ náà dákẹ́. Kí ni ì bá sọ? Òun fúnra rẹ̀ kò mọ òpó tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ wa ló mọ̀ ọ́n. Ó fa ìwé yọ nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ìwé tó fi ń ṣe ìṣirò níhìn-ín gan-an. Ó ti fa ìlà kan fún àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́ta àkọ́kọ́, àpò kan, kẹ́ẹ̀gì kan. Nígbà tí oòrùn mú, tí àwọn lébùrà ń pariwo pé kọnkéré ti le jù, láti òpó kẹrin, kẹ́ẹ̀gì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì. Ẹnjiníà dé kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ka ìwé náà. Wọ́n tú pákó òpó méjì, wọ́n kó kọnkéré inú wọn jáde kí ó tó le. Mẹ́ta yòókù dúró.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n yin ọmọ náà? Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ku ọdún kan kí ó gba fríìdọ̀mù, ó sì rò pé wọ́n máa lé òun ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá nawọ́ bírò sí i pé, “Ìwọ ni kí o máa ka kẹ́ẹ̀gì.” Kò bẹ̀ ẹ́, èmi náà kò sì retí pé kí ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ilé ìwé yẹn sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun ló fi bí a ṣe ń ka pílánù hàn án, ọmọ iṣẹ́ fi bí a ṣe ń ra yanrìn hàn án.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń pọn omi níbi iṣẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ iye kẹ́ẹ̀gì ju ẹnjiníà lọ. Ẹ máa kà á.

Ọ̀rọ̀ pílánù tí mo dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sójú pátákó: 4Y16. Ẹ óò rí i lára pílánù òpó. 4 ni iye irin. Y ń tọ́ka sí irú irin náà, irin tó lágbára. 16 ni bí ó ti nípọn tó, mìlímítà 16. Ẹni tí kò lè kàwé á gbé 12 dípò 16, nítorí ó jọ ọ́ lójú, á ní kí ni mẹ́rin lásán? Ẹ wá fi ara yín ṣe ìṣirò: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256. Irin 12 kò fi púpọ̀ ju ìdajì irin 16 lọ. Nǹkan bí ìdajì irin òpó ni ẹni náà jù nù, kò sì mọ̀.

Ti ìwé àdéhùn kò gùn. Kí ọmọ tó tẹ̀ka, kí ẹnìkan kà á sókè létí rẹ̀: ọdún mélòó, owó ìkọ́ṣẹ́ àti ti fríìdọ̀mù, ta ni yóò san owó ìwòsàn bí irin bá gún un. Ẹni tó bá ti ń kàwé níhìn-ín, kí ó kà á fúnra rẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ dípò ìka.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó jọ ka pílánù yàrá kan àti pálọ̀. Kí ẹni tó bá ní tépù mú un wá, kí gbogbo yín mú ìwé ìṣirò yín dání. Mo ti bẹ ọmọ ilé ìwé ọjọ́ yẹn pé kó wá bá wa jókòó. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn bíríkìlà má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ o.