Òṣìṣẹ́ Tí Gbèsè Wọ̀ Lọ́rùn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìlọrin

 

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni a fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ju ẹnì kan lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín wa. Ọ̀kan fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Gàá-Akánbí, ó sá lọ lóru. Owó tó yá nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò tó nǹkan. Èlé ṣógúndogójì ló sọ ọ́ di òkè. Bí ó bá ti wá bá wa ni, ohun tí à bá sọ fún un nìyí.

Ẹni tó jẹ gbèsè kì í ṣe olè. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Kóòtù ni ẹni tí a jẹ lówó yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi irọ́ gba owó náà, tàbí tí ẹ kọ sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí, ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn. Kò sí bí ẹgbẹ́ yóò ṣe gbà yín.

Ẹ wo ìwé owó oṣù yín dáadáa. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 sọ pé àpapọ̀ ohun tí wọn yóò yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó ń gba náírà 90,000, 30,000 ni òpin. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ìwé náà wá fún wa.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní bankruptcy. Láti 1979 ni òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Onígbèsè fúnra rẹ̀ lè gbé ìwé lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tó ní ẹ̀ka ní Ìlọrin níbí, kí ó sọ pé agbára òun kò ká gbèsè òun mọ́. Kò pọn dandan kí ó gba lọ́yà. Yóò kọ gbogbo ohun tó ní àti gbogbo ẹni tó jẹ lówó sílẹ̀, yóò búra sí i, wọn yóò sì bi í léèrè ní gbangba. Ohun-ìní rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba láti pín fún àwọn tó jẹ lówó. Irinṣẹ́ tó fi ń jẹun, aṣọ ara àti ibùsùn ilé rẹ̀, òfin ní kí wọ́n fi ìwọ̀n sílẹ̀ fún un. Títí kóòtù yóò fi dá a sílẹ̀, kò lè dìbò wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sì lè jẹ gómìnà. (Èyí kò kan púpọ̀ nínú wa!)

Ní tiwa, a kò gba òṣìṣẹ́ níyànjú láti sáré débẹ̀. Nítorí gbèsè kékeré, ìbọn ni a gbé láti fi pa eṣinṣin. Ẹ kọ́kọ́ pe gbogbo ẹni tí ẹ jẹ lówó pọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo jù nìkan. Ẹ kọ ojúlówó owó sí ọ̀tọ̀, èlé sí ọ̀tọ̀. Méjì nínú wa yóò bá yín lọ. Kí oníkálukú gba ìwọ̀n tirẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Àlùkùránì pàápàá ní kí a fún onígbèsè tó wà nínú ìnira láyè, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni lówó ní ìlú yìí ló sì mọ̀ ọ́n.

Ó ku ti orí tẹlifóònù. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ àwìn títí owó yóò fi jáde. Ti òde òní ń fi àwòrán ènìyàn ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ àti àna rẹ̀ pé olè ni. Ní 2022 ni àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde lórí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rẹ́. Òun ni ẹ ó fi pe ẹjọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun jókòó, kó mú ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn àti àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsárì. A kì yóò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí.